Lẹ́yìn Aṣọ Ìkélé: Iṣẹ́ Tó Ń Gbé Ìpàtẹ Irun Dúró

Ẹni tó bá ti ìpàtẹ irun ńlá ní Amẹ́ríkà dé, orí ìtàgé ló máa ń ròyìn fún ará ilé. Yóò sọ nípa obìnrin tó jáde pẹ̀lú irun tó ga ju ojú rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, yóò sọ nípa onígbàjámọ̀ tó fi abẹ ya òdòdó sí ìpàkọ́ ènìyàn kí orin kan tó parí. Kò sí irọ́ níbẹ̀, orí ìtàgé dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Irun tí a wò fún ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn lè ti gba odindi ọjọ́ méjì kí ó tó jáde síta, àwọn tó sì fọwọ́ kàn án pọ̀ ju ẹnì kan ṣoṣo tí olóòtú pe orúkọ rẹ̀ lọ. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ kọ́ nǹkan níbi ìpàtẹ irun, ẹ̀yìn ìtàgé ni kí ó wá ààyè sí. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ìpàtẹ tí mo ní lọ́kàn ni ti Bronner Bros., ní ìlú Atlanta, ìpínlẹ̀ Georgia. Ọdún 1947 ni Nathaniel Bronner àti Arthur ọmọ ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nínú ilé YMCA tó wà ní Butler Street. Àsìkò òfin ìyàsọ́tọ̀ nìyẹn, nígbà tí aláwọ̀ dúdú kò lè wọ ilé ìtura tàbí gbọ̀ngàn tó wù ú. Ìpàtẹ náà dàgbà títí ó fi gba inú Georgia World Congress Center, ilé ìpàtẹ gbàràmù-gbaramu tí wọ́n ṣí ní 1976. Fíìmù Good Hair tí Chris Rock gbé jáde ní 2009 ló jẹ́ kí ayé mọ ìdíje irun ibẹ̀, níbi tí ẹnì kan ti gẹrun lábẹ́ omi tí ẹlòmíràn sì gẹ ẹ́ pẹ̀lú orí sísọ kodò. Àṣà pípe àwọn oníṣẹ́ irun jọ ti wà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ṣáájú àwọn Bronner. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1917, Madam C. J. Walker kó àwọn obìnrin tó ń ta ọjà irun rẹ̀ jọ sí Philadelphia, wọ́n lé ní igba. Ó fún àwọn tó tajà jù lẹ́bùn, ó tún fún àwọn tó ṣàánú ẹlòmíràn jù lẹ́bùn. Kí wọ́n tó túká, wọ́n kọ̀wé sí Ààrẹ Woodrow Wilson pé kí ó fòpin sí bí wọ́n ṣe ń pa aláwọ̀ dúdú láìdájọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ìpàdé onírun kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀ṣọ́ nìkan.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú gbọ̀ngàn náà nígbà tí kò tíì sí ènìyàn. Ní ọjọ́ mélòó kan kí ìpàtẹ tó bẹ̀rẹ̀, sìmẹ́ǹtì lásán ló wà nílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ alágbàṣe yóò kọ́kọ́ dé pẹ̀lú okùn ìwọ̀n àti ẹfun, wọn yóò sì sàmì sí ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwòrán tó wà lọ́wọ́ wọn ṣe wí. Ìsọ̀ kan sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá níbùú, mẹ́wàá lóròó. Páìpù aluminíọ́mù ni wọ́n fi ń gbé aṣọ rẹ̀ ró: ẹ̀yìn ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ẹ̀gbẹ́ kò ju mẹ́ta lọ, kí ẹnì kan má baà dí aládùúgbò rẹ̀ lójú oníbàárà. Gbogbo aṣọ yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí iná kì í tètè ràn, nítorí àwọn panápaná yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn tírélà tó kó ọjà wá kì í lọ tààrà sí ẹnu ọ̀nà. Pápá kan wà ní ìta tí wọ́n ti ń dúró, tí wọ́n ti ń gba nọ́ńbà, tí a ó sì máa pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìsọ̀ tó jìnnà jù sí ilẹ̀kùn àti èyí tó tóbi jù ló sábà máa ń ṣáájú; bí ti ẹ̀bá ilẹ̀kùn bá ṣáájú, ọ̀nà yóò dí. Láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé ojú ìsọ̀, fọ́kílíìfù ilé-iṣẹ́ alágbàṣe ló ń gbé ẹrù, owó rẹ̀ sì ń lọ ní ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún pọ́ùn. Nígbà mìíràn, owó ìwọ̀nba ìrìn yẹn máa ń ju èyí tí tírélà gbà láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn lọ. Nǹkan yìí ló pín àwọn ọlọ́jà irun sí méjì. Gálọ́ọ̀nù ṣáḿpù kan wúwo ju pọ́ùn mẹ́jọ lọ, bí a bá ka méjìlá, ọgọ́rùn-ún pọ́ùn ti pé. Ìdì wífọ́ọ̀nù kan kì í sábà ju ọgọ́rùn-ún gíráàmù lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ọgọ́rùn-ún pọ́ùn kan náà yóò gba nǹkan bí 450 ìdì. Ẹni tó ń ta wífọ́ọ̀nù lè kó ọjà olówó gọbọi wọlé pẹ̀lú owó kékeré, nígbà tí aláṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀ tó ń ro ṣáḿpù nínú ilé ìdáná rẹ̀ yóò ti náwó tán kí ó tó ta ìgò kan. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ọjà mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ìgò kéékèèké wá, tí wọ́n sì ń gba àdéhùn láti fi ìyókù ránṣẹ́ sílé oníbàárà.

Bí ọjà bá ti kúrò nínú páálí, páálí náà gbọ́dọ̀ kúrò lójú ìsọ̀. Ìlẹ̀mọ́ kékeré kan wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn láti fi hàn pé òfìfo ni, wọn yóò sì gbé e lọ sí ibi ìpamọ́ títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí tí ọjà ṣì wà nínú rẹ̀ kò tún ní fojú kan ọjà náà títí ìpàtẹ yóò fi parí. Ọmọ iṣẹ́ tó bá mọ̀ pé kí òun fọwọ́ wá inú gbogbo páálí kí òun tó lẹ ìlẹ̀mọ́ yẹn ti gba ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́ àdánù ńlá. Kápẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀nà ni wọ́n ń tẹ́ kẹ́yìn, wọn yóò sì fi ọ̀rá bò ó. Òwúrọ̀ ọjọ́ ìṣílẹ̀kùn ni wọ́n máa ń ya ọ̀rá náà kúrò.

Ọ̀rọ̀ iná yàtọ̀ sí gbogbo ìyẹn, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí pé òun ló ń ba iṣẹ́ onídìrí jẹ́ jù níbi ìpàtẹ. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóòtì. Díráyà ọwọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń lò sábà máa ń jẹ 1,875 wáàtì. Okùn iná kan tó lè gbé 20 áḿpù kò lè fúnni ju 2,400 wáàtì lọ. Díráyà kan yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá tan ìkejì, ó di 3,750, iná yóò sì já. Nílé, ẹnì kan ló ń gbẹ irun lẹ́ẹ̀kan, kò sí wàhálà. Ní ìpàtẹ, onídìrí mẹ́rin lè dúró nínú ìsọ̀ kan, tí oníkálukú mú díráyà lọ́wọ́, tí ààrò kékeré tí a fi ń mú irin ìnarun gbóná sì tún wà lórí tábìlì. Bí iná bá já nígbà tí irun mọ́dẹ́lì ṣì tutù, tí ìṣẹ́jú ogún péré ló sì kù kí ó jáde, kò sí àlàyé tí yóò gbẹ irun yẹn.

Nítorí náà, iná ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń ṣètò. Ó ti gbọ́dọ̀ béèrè fún un lọ́wọ́ ilé ìpàtẹ ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú, nítorí ẹni tó bá dé ibẹ̀ kí ó tó béèrè yóò san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò ka irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò ro wáàtì wọn pọ̀, yóò sì mọ iye okùn iná tí òun nílò. Àwọn kan ń fi téèpù pupa àti téèpù búlúù sàmì sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọn á sì lẹ irú rẹ̀ mọ́ okùn díráyà, kí pupa má lọ sí búlúù. Àwọn mìíràn ń pín àkókò: bí ẹnì kan bá ń gbẹ irun, ẹnì kejì ń na tirẹ̀ ni, lẹ́yìn náà wọn á pààrọ̀. Àwọn tó ni iná ìtàgé àti orin ní okùn tiwọn, wọn kì í gba onídìrí láyè láti ki ohunkóhun bọ̀ ọ́, wọ́n sì jàre.

Ìkìlọ̀ kan wà fún àwọn ará ilé tó ń ti Èkó tàbí Ìbàdàn gbéra: ẹ fi díráyà yín sílẹ̀. Èyí tí a ṣe fún 240 fóòtì, ìdá mẹ́rin ooru rẹ̀ péré ni yóò mú jáde lórí 120. Yóò kàn máa fẹ́ atẹ́gùn lọ́wọ́ọ́wọ́ ni. Èyí tí a rà ní Atlanta, bí a bá ki í bọ iná ilé wa láìsí ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù, yóò jóná lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gan-an wà ni àwọn mọ́dẹ́lì. Orí wọn ni ọjà, orí ènìyàn sì ni. Ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ ṣe àfihàn yóò ti kéde pé òun ń wá orí, àwọn ọ̀dọ́bìnrin yóò wá tò. Ẹni tó ń yàn wọ́n kì í wo ẹwà ojú nìkan. Ó ń tẹ irun wò bóyá ó le tàbí ó rọ̀, ó ń wo irun iwájú bóyá ó ti ń já, ó ń béèrè ìgbà tí wọ́n fi ìpara ìnarun sí i kẹ́yìn, ó ń béèrè bóyá àwọ̀ wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn: ohun tí a ó ṣe sí irun, ẹni tó ni àwòrán, ohun tí mọ́dẹ́lì yóò gbà. Mo bẹ àwọn ọmọ wa tó ń gbé ibẹ̀ pé kí wọ́n ka ìwé náà tán. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé onídìrí lè gẹ irun dé ibi tó bá wù ú, ẹkún kò ní dá a padà.

Aró irun ní òfin tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ páálí aró ló kọ ọ́ sára pé kí a kọ́kọ́ fi díẹ̀ kan ara, kí a dúró fún wákàtí 48, ká wo bóyá ara kọ̀ ọ́. Mọ́dẹ́lì tí a yàn lọ́jọ́ Sátidé fún àfihàn ọjọ́ Àìkú kò ní àyè fún ìyẹn. Ìdí kan nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọ̀ tó ń tàn lórí ìtàgé kì í fi í ṣe ti orí ẹni tó gbé e. Wífọ́ọ̀nù ni, wọ́n ti pa á láró ní ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n gbẹ ẹ́, wọ́n sì ká a sínú ọ̀rá tí orúkọ mọ́dẹ́lì wà lára rẹ̀.

Alẹ́ tó ṣáájú àfihàn ni iṣẹ́ ń le jù. Nínú yàrá ilé ìtura tàbí nínú yàrá ńlá kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn, àwọn onídìrí yóò jókòó ti orí títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Níhìn-ín ni ọwọ́ ọmọ Yorùbá ti ń wúlò. Gbogbo irun tí a bá máa rán mọ́ orí, orí irun dídì ni yóò jókòó lé, ibi tí ìdì náà bá sì dojú kọ ló ń sọ bí irun òkè yóò ṣe dúró. Bí irun yóò bá ṣubú sí ẹ̀yìn, a ó di kọ̀lẹ́sẹ̀. Bí yóò bá dìde dúró lókè, ṣùkú ló yẹ ẹ́, kí gbogbo ìwúwo lè jókòó sí àtàrí. Bí ìpàkọ́ yóò bá hàn sí àwọn tó ń wòran, a ó di ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, kí ó mọ́ tónítóní. Ohun tí àwọn ìyá wa ń fi ọwọ́ ṣe ní ìdí igi ọ̀dàn láìsí ìwé ni ìpìlẹ̀ tí irun olówó ńlá yẹn ń dúró lé, mo sì fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ tó bá wà níbẹ̀ gbé orí rẹ̀ sókè nígbà tí wọ́n bá fi í sídìí irun dídì. Kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni wọ́n fún un. Ìpìlẹ̀ ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́.

Ní ti irun àràmàǹdà, ìlú Detroit ni wọ́n ti gbé e dé góńgó. Láti àárín àwọn ọdún 1980 ni David Humphries, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Hump the Grinder, ti ń ṣètò àfihàn irun níbẹ̀, èyí tó di Hair Wars. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi irun ṣe helikóputà tí apá rẹ̀ ń yí lórí ènìyàn. Àtàrí àjànàkú, kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Wáyà àti néètì ni egungun irun bẹ́ẹ̀. A ó bo wáyà náà pẹ̀lú irun, a ó fi abẹ́rẹ́ rán ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ irun dídì, a ó sì fi píìnì dì í yíká. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe yóò dán an wò lórí mọ́dẹ́lì fúnra rẹ̀, kò ní gbẹ́kẹ̀ lé orí rọ́bà, nítorí orí rọ́bà kì í rìn, ọrùn kì í sì í dùn ún. Yóò ní kí ó rìn, kí ó yí padà, kí ó sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn. Bí irun bá fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò tú u, yóò tún un rán. Irun tí a dì le jù láti fi gbé ẹrù máa ń fa irun iwájú já, irun tó bá já bẹ́ẹ̀ léraléra sì lè má hù mọ́. Ọ̀gá tó bá ní kí a máa fà á le, kí mọ́dẹ́lì fara dà á, kò mọ iṣẹ́ tó, iye ife ẹ̀yẹ yòówù tó ní.

Mọ́dẹ́lì náà ní láti wọ ẹ̀wù oníbọ́tìnnì iwájú, kí a lè bọ́ ọ láìgba orí. Yóò sùn lórí ìjókòó tàbí pẹ̀lú ìrọ̀rí lábẹ́ ọrùn. Ní òwúrọ̀, ó lè dúró fún wákàtí mẹ́fà fún ìrìn ìṣẹ́jú méjì. Ta ni yóò bá a wá oúnjẹ? Ta ni yóò mú omi pẹ̀lú sítíróò wá fún un kí ètè rẹ̀ má baà bàjẹ́? Ọmọ iṣẹ́ ni. Nínú gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ìtàgé, èyí ni mo kà sí ẹ̀rí ìwà onírun jù lọ, torí ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tó rí mọ́dẹ́lì gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹni àti ẹni tó rí i gẹ́gẹ́ bí tábìlì.

Nígbà tí àfihàn bá ti sún mọ́lé, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé yóò di ibi tí a kì í pariwo. Bébà tí ètò ìjáde wà nínú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ògiri: nọ́ńbà mọ́dẹ́lì, orúkọ onídìrí, orin tí yóò bá a jáde, ìṣẹ́jú tó ní. Ẹnì kan dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ létí, ó ń bá oníná àti olórin sọ̀rọ̀. Àṣẹ rẹ̀ ju ti ọ̀gá onídìrí tó lórúkọ jù lọ. Bí ó bá ní “Àǹtí, ẹ sún sẹ́yìn,” Àǹtí yóò sún. Ọmọ iṣẹ́ kan ló ń mú òòyà, píìnì àti sípíréè tẹ̀ lé mọ́dẹ́lì dé ibi tí aṣọ parí sí; òun ni ọwọ́ ìkẹyìn tó kan irun náà.

Iná ìtàgé ní ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ onídìrí kì í tètè mọ̀. Irun dúdú máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Bí aṣọ ẹ̀yìn bá tún jẹ́ dúdú, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń ti iwájú nìkan wá, ojú mọ́dẹ́lì ni a ó rí, irun rẹ̀ yóò pòórá sínú òkùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ wá, kí etí irun lè tàn yíká, kí ìlà irun dídì lè hàn dé ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Àwọ̀ náà ń yí padà: iná tó pupa díẹ̀ yóò sọ irun aláwọ̀ wúrà di ọsàn. Nítorí náà ni ẹni tó gbọ́n fi ń mú ìdì irun kan lọ sábẹ́ iná ìtàgé ní ọjọ́ ìdánrawò, kí ó tó pinnu àwọ̀. Ẹ̀yìn ìtàgé nìkan ni a ti ń kọ́ irú nǹkan báyìí.

Ìmọ́tótó kò gbọdọ̀ dúró de ẹnikẹ́ni. Òòyà àti sìsọ́ọ̀sì tó ti kan orí kan gbọ́dọ̀ di fífọ̀, kí a sì rì wọ́n sínú omi apakòkòrò; Barbicide, omi búlúù tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà mọ̀, ń béèrè ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Láàárín eré kan sí èkejì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbá irun nílẹ̀ kíákíá, nítorí bàtà onígìgìsẹ̀ gíga lórí irun tàbí lórí òróró tó dà sílẹ̀, ìṣubú ni.

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń kọ mí lóminú ju ohun gbogbo lọ. Ẹ fojú inú wo yàrá tí aṣọ pín sí wẹ́wẹ́, tí ogún orí wà nínú rẹ̀, tí sípíréè ń tú, tí irin gbígbóná ń mú èéfín jáde láti ara òróró àti ìpara ìnarun. Ní 2011, àjọ OSHA tó ń bójú tó ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àwọn ìpara ìnarun kan tó kọ ọ́ sára pé kò sí fọmadíháìdì nínú wọn ń tú u jáde sínú afẹ́fẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Ní oṣù Kẹwàá 2022, àwọn olùwádìí ìjọba níbẹ̀ tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí obìnrin 33,497 tí wọ́n tọpa wọn fún nǹkan bí ọdún mọ́kànlá. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé 1.64 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò lo ìpara ìnarun ni yóò ní jẹjẹrẹ ilé-ọmọ kí wọ́n tó pé àádọ́rin ọdún. Láàárín àwọn tó ń lò ó léraléra, ó di 4.05. Lórí àwọn tó lò ó sí irun ara wọn ni iye yìí dá lé. Èyí tí onídìrí ń mí sínú lójoojúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́ kò sí nínú ìṣirò náà, ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ onídìrí jẹ wá lógún. Kí a na irun ní ṣọ́ọ̀bù tí fèrèsé wà kí a tó wá sí ìpàtẹ, kí a sì fi ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà sílẹ̀ lẹ́yìn ìtàgé, kì í ṣe ohun tó ju agbára ẹnikẹ́ni lọ.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń ṣe gbogbo èyí kì í gba owó. Wọ́n ń sọ fún wọn pé ìrírí ni owó wọn. Mo gbà pé ìrírí níye lórí, àwa náà ní ètò ìkọ́ṣẹ́ nílé, níbi tí ọmọ ti ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kí ó tó gba òòyà. Ṣùgbọ́n nínú ètò tiwa, ọ̀gá jẹ ọmọ iṣẹ́ ní gbèsè: ó gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe fúríídọ̀mù fún un ní ìṣojú ẹbí. Ìrírí tí kò ní olùkọ́ nínú, tí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ ọmọ náà nígbà tí wọ́n ń dúpẹ́ lórí ìtàgé, kì í ṣe ìkọ́ṣẹ́. Ọ̀gá tó bá mú ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin wá, ó kéré tán, kí ó san owó ilé ìtura àti oúnjẹ wọn, kí ó sì pe orúkọ wọn.

Ọjọ́ ìkẹyìn ni owó ọjà máa ń wálẹ̀. Àwọn tó mọ̀ máa ń dúró di ọ̀sán ọjọ́ náà kí wọ́n tó rajà, nítorí oníìsọ̀ yóò tún sanwó gbígbé ẹrù jáde bó bá ṣẹ́ kù. Ó sàn fún un kí ó gé owó sílẹ̀ ju kí ó san owó lórí ìgò ṣáḿpù tí yóò padà sílé. Síbẹ̀, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìsọ̀ rẹ̀ kí agogo ìpàtẹ tó lù. Bó bá ti lù báyìí, kápẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ ń ká, kí fọ́kílíìfù lè rìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn páálí òfìfo yóò máa bọ̀ láti ibi ìpamọ́, oníìsọ̀ yóò sì jókòó lórí ọjà rẹ̀ máa retí tirẹ̀, nígbà mìíràn títí di òru.

Nígbà yẹn, àwọn mọ́dẹ́lì ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú irun lórí. Irun tí a fi wákàtí mẹ́jọ rán kò ṣeé fa yọ. A ó wá òwú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó fi sìsọ́ọ̀sì kékeré gé e láìkan irun orí, a ó tú irun dídì, a ó fọ ọ̀dà àti sípíréè kúrò, a ó sì fi òróró pa awọ orí tó ti rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni, kò sì sí ẹni tó ń wòran mọ́. Ọ̀pọ̀ mọ́dẹ́lì ló ń gbé irun náà lọ sílé, tí wọ́n ń tú u fúnra wọn níwájú digí, tí wọ́n sì ń gé irun ara wọn mọ́ ọn. Ọmọbìnrin tó bá fẹ́ gbé orí rẹ̀ fún ìpàtẹ, kí ó béèrè kí ó tó fọwọ́ sí ìwé: ta ni yóò tú u, ọjọ́ wo, ní aago mélòó? Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni náà sínú àdéhùn.